Ohun Tó Jọ Ohun: Bí Eegun Ṣe Ń Sọ Orúkọ Àwọn Ológbò Ńlá Tó Ti Parun

Òkè òkúta ẹfun pọ̀ ní agbègbè Lagoa Santa, ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais lórílẹ̀-èdè Bràsíl, omi sì ti gbẹ́ ihò rẹpẹtẹ sínú wọn láti ayébáyé. Nígbà kan, iyọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi ń po ẹ̀tù ìbọn ni àwọn èèyàn ń wá lọ sínú àwọn ihò náà. Bí wọ́n ti ń wa ilẹ̀ ni wọ́n ń bá eegun pàdé. Peter Wilhelm Lund, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmákì tí wọ́n bí ní Copenhagen lọ́dún 1801, sọ àwọn eegun wọ̀nyí di iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ó fi Lagoa Santa ṣe ibùgbé láti ọdún 1835, ibẹ̀ náà ló sì kú sí lọ́dún 1880. Lára ohun tó kọ́kọ́ kó jáde ni eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ mélòó kan, eyín ẹran ajẹran tó tóbi. Lund yẹ̀ wọ́n wò síwá sẹ́yìn, ó fi wọ́n wé eyín àwọn ẹran tó mọ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1839 pé ìkookò ni, irú èyí tó ń fọ́ eegun jẹ.

Nígbà tó yá, ilẹ̀ ihò tún pọ òmíràn jáde: eyín gígùn kan tó tẹ́ pẹlẹbẹ bí abẹ, eyín iwájú, eegun ẹsẹ̀. Lund tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì rí i pé òun ti ṣì í. Ìdílé ológbò ni ẹran yìí ti wá, ológbò tó tóbi tó kìnnìún tó sì ki jù ú lọ. Lọ́dún 1842 ó pa orúkọ ìkookò tì, ó sọ ẹran náà ní Smilodon populator. Láti inú èdè Gíríìkì ni Smilodon ti wá, eléyín ọ̀bẹ ló túmọ̀ sí; populator ni apanirun. Mo ti ka ìtàn yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ibi kan náà ló sì máa ń dá mi dúró: ọkùnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ kan sílẹ̀ lójú gbogbo ayé ló tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́, nítorí eegun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò gbà fún un.

Àṣìṣe irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó jù ú lọ. Georges Cuvier, ará Faransé tó kọ́ gbogbo Yúróòpù bí a ti ń fi eegun wé eegun, rí irú eyín pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n rí ní àfonífojì odò Arno nílẹ̀ Ítálì. Lọ́dún 1824 ó sọ ẹni tó ni ín ní Ursus cultridens, ìyẹn béárì eléyín ọ̀bẹ. Ta ló máa dá a lẹ́bi? Eyín náà dá wà, kò sí agbárí, kò sí párì ẹ̀rẹ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ológbò alààyè kan láyé tó ní irú rẹ̀ lẹ́nu. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ohun tí wọ́n wú jáde ní Auvergne, nílẹ̀ Faransé, wá fi hàn pé ìdílé ológbò ló ni irú eyín bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tó bá jọ ohun la fi ń wé ohun. Wọ́n tún ní àmọ̀tẹ́kùn fara jọ ẹkùn, kò lè ṣe bí ẹkùn. Láàárín òwe méjèèjì yìí ni gbogbo iṣẹ́ àwọn tó ń fi eegun mọ ẹran wà. Ti àkọ́kọ́ ni ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà wọlé, nítorí eegun kì í sọ̀rọ̀ títí a ó fi gbé eegun mìíràn tì í. Ti èkejì ni ìkìlọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá mọ àkọ́kọ́ nìkan yóò máa rí ìkookò níbi tí ológbò wà, yóò sì máa rí ológbò níbi tí kò sí.

Kí ni eegun wá fi ń jẹ́rìí pé ọmọ ìdílé ológbò lòun? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu. Ajá ní eyín 42. Ológbò ilé ní 30, bẹ́ẹ̀ náà ni kìnnìún. Ojú ológbò kúrú, párì rẹ̀ kò gùn, kò sí àyè níbẹ̀ fún eyín tí yóò máa lọ oúnjẹ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni eyín ńlá kan lókè àti ọ̀kan nísàlẹ̀, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti ti òsì, tí wọ́n mú bí ẹnu àlùmọ́gàjí tí wọ́n sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá bí ẹnu bá ń pa dé. Ẹ wo ológbò ilé nígbà tó bá ń jẹ ẹran tó yi. Yóò dá orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ gé e, yóò sì gbé e mì láìrún un. Ajá ní eyín tó fi ń gé, ó tún ní èyí tó fi ń lọ. Ti ìkookò nípọn, ó sì le, torí eegun ló fi ń fọ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá rí párì kúkúrú tí eyín ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ kìkì abẹ, wọ́n ti mọ ojúlé tí wọ́n máa kàn.

Ẹsẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọdẹ tó mọ ipasẹ̀ kà mọ̀ pé ojú èékánná máa ń hàn nínú ipasẹ̀ ajá, ṣùgbọ́n kì í sábà hàn nínú ti ẹkùn, nítorí ẹkùn máa ń ká èékánná rẹ̀ sókè bó bá ń rìn. Eegun ìka tó wà lẹ́yìn eegun èékánná kò dọ́gba lápá méjèèjì. Apá kan rẹ̀ jin wọnú, bí ìgbà tí agbẹ́gilére fi ọ̀bẹ fá a, kòtò yẹn sì ni eegun èékánná ń ká sí bí ẹran náà bá ń sinmi. Eegun ìka kan ṣoṣo, tí kò kún àtẹ́lẹwọ́, lè tipa bẹ́ẹ̀ sọ bí ẹran kan ṣe ń rìn nígbà ayé rẹ̀. Bí mo bá ro èyí, ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n fi ọwọ́ kan òkè ẹsẹ̀ ológbò ilé, kí n sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n wo kòtò náà láti òde.

Ẹ̀rí kan tún wà tó fara pamọ́ jù wọ́n lọ. Lábẹ́ agbárí, lẹ́bàá etí, eegun roboto kan wà tó wú bí ẹyin kékeré, inú rẹ̀ sì ṣófo. Ní ti ológbò, ògiri tín-ín-rín kan pín inú eegun yìí sí yàrá méjì. Ògiri yìí ló tú àṣírí àwọn ẹran kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní nimravid. Ojú wọn kúrú bíi ti ológbò, àwọn kan nínú wọn ní eyín gígùn bí idà, gbogbo ìrísí wọn ló sì ń pe ara rẹ̀ ní ológbò. Ṣùgbọ́n inú eegun etí wọn kò rí bíi ti ológbò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yọ wọ́n kúrò nínú ìdílé náà, wọ́n sì fún wọn ní ìdílé tiwọn.

Èyí tó yani lẹ́nu jù nínú àwọn afarajọ ni Thylacosmilus. Elmer Riggs, tó ń ṣiṣẹ́ fún Field Museum ní Chicago, kó eegun rẹ̀ jáde ní Catamarca lórílẹ̀-èdè Ajẹntínà lọ́dún 1926, ó sì sọ ọ́ lórúkọ lọ́dún 1933. Bí ènìyàn bá wo eyín òkè rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, yóò búra pé Smilodon ni. Bó bá sún mọ́ ọn, yóò rí i pé eyín náà kò ní òpin ní ìdí, ó ń dàgbà títí ọjọ́ ayé ẹran náà, àti pé párì ìsàlẹ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ níwájú bí àkọ̀ méjì tí idà méjì ń wọ̀. Àwọn ẹran tó ń gbé ọmọ sínú àpò ikùn, irú kangarú, ni ìbátan rẹ̀. Òun àti ológbò kò bára tan ju bí ológbò àti màlúù ṣe bára tan lọ; kódà, màlúù sún mọ́ ológbò jù ú lọ. Iṣẹ́ kan náà ló sọ eyín wọn di ọ̀kan náà. Àmọ̀tẹ́kùn fara jọ ẹkùn nìyẹn.

Níbi tí eegun bá ti ṣọ̀wọ́n, sùúrù nìkan ni irinṣẹ́. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí eegun ti pọ̀ bí òjò. Ẹni tó bá ti dé Agbábù ní ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ ọ̀dà dúdú tó ń sun jáde látinú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ló ń sun ní Rancho La Brea, ibi tí ìlú Los Angeles ti wá yí ká báyìí. Fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ẹran tó bá tẹ ibẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn, igbe rẹ̀ á pe àwọn ajẹran wá, àwọn náà á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Láàárín ọdún 1913 sí 1915 ni wọ́n wú èyí tó pọ̀ jù nínú eegun náà, gbogbo rẹ̀ sì pọ́n dúdú nítorí ọ̀dà tó ti mu. Lọ́dún 1932, John Merriam àti Chester Stock tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ìdílé ológbò La Brea nìkan. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń tọ́jú wọn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1977, wà lẹ́bàá kòtò ọ̀dà náà gan-an.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka ẹran tí eegun wọn ti dà pọ̀ mọ́ra? Wọ́n á mú eegun kan ṣoṣo, ká ní eegun apá òsì, wọ́n á sì ka iye tó wà, torí kò sí ẹran tó ní apá òsì méjì. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ló fi hàn pé Smilodon fatalis, àbúrò ti Lund, tó ti inú ọ̀dà yẹn jáde lé ní 2,000. Pẹ̀lú iye yìí, ẹran náà kì í ṣe eyín kan mọ́. Ọmọdé rẹ̀ wà níbẹ̀, àgbà wà níbẹ̀, aláìsàn wà níbẹ̀. A rí i pé eegun apá iwájú rẹ̀ nípọn ju ti kìnnìún lọ, pé ọrùn rẹ̀ lágbára, pé ìrù rẹ̀ kúrú. Ẹran tó ń lúgọ ni, tó ń fò mọ́ ẹran ńlá, tó sì ń fi apá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó lo eyín. Kìnnìún ń la ẹnu tó nǹkan bíi dígírì 65. Smilodon lè la tirẹ̀ tó nǹkan bí 120. Bí a bá gé eyín ṣóńṣó kìnnìún ní ìbú, ojú ibi tí a gé yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí roboto, torí ó ní láti fara da ìjàkadì ẹran tó ń jà fún ẹ̀mí rẹ̀. Ti Smilodon yóò rí gbọọrọ bí ojú abẹ. Ó mú, ṣùgbọ́n ó lè kán, ìdí nìyẹn tí apá fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ parí ìjà kí eyín tó wọlé.

Lọ́dún 2021, àwọn onímọ̀ gbé eegun ìbàdí ọ̀kan nínú wọn, èyí tó ti wà nínú àpótí fún ọ̀pọ̀ ọdún, sínú ẹ̀rọ CT tó ń yàwòrán inú eegun. Wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀ pé ìjà ló bà á jẹ́. Ẹ̀rọ fi hàn pé àbùkù tí wọ́n bí i mọ́ ni. Ẹran tó tiro láti kékeré, tí kò lè sáré, tí kò lè fò bí ẹgbẹ́ rẹ̀, dàgbà di géńdé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹbí rẹ̀ ń fi í sílẹ̀ láti bá wọn jẹ ohun tí wọ́n pa. Orúkọ ẹran nìkan kọ́ ni eegun mọ̀ ọ́n sọ. Ó ń sọ ìtàn ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú.

Ó wá ku ibi tí iṣẹ́ náà ti le jù, ìyẹn láàárín ọmọ ìyá. Bí wọ́n bá bọ́ awọ kìnnìún àti ti ẹkùn onílà ilẹ̀ Éṣíà, tí wọ́n yọ ẹran kúrò, eegun tó kù jọra débi pé ẹni tó ti ń rí wọn lójoojúmọ́ pàápàá ní láti fara balẹ̀. Àmì kan wà tí ọwọ́ lásán lè dán wò. Gbé párì ìsàlẹ̀ kìnnìún lé tábìlì, yóò máa mì síwá sẹ́yìn bí ìkòkò tí kò sí òṣùká nídìí rẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ roboto. Ti ẹkùn onílà yóò jókòó jẹ́ẹ́. Lórí agbárí, wọ́n tún máa ń wo bí eegun imú ti gùn lọ sókè tó sí eegun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 1853, Joseph Leidy ní Philadelphia sọ ológbò ńlá kan lórúkọ látinú ààbọ̀ párì kan tí wọ́n rí ní Natchez, ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Atrox ló pè é, òǹrorò. Párì náà tóbi ju ti kìnnìún òde òní lọ. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti ń lọ: àwọn kan ní kìnnìún ni, àwọn kan ní ìbátan ẹkùn onílà, àwọn mìíràn ní jágúà ló sún mọ́ jù. DNA tí wọ́n fà jáde látinú eegun ló wá gbè é sẹ́yìn kìnnìún, pẹ̀lú kìnnìún inú ihò tí Georg August Goldfuss ti sọ lórúkọ ní Jámánì láti ọdún 1810.

Bẹ́ẹ̀ sì ni eegun kò mọ ohun gbogbo. Kò lè sọ bóyá irun ọrùn wà lára kìnnìún inú ihò tàbí kò sí. Àwọn tó rí i láàyè ló sọ ọ́. Lára ògiri ihò Chauvet nílẹ̀ Faransé, tí wọ́n ṣàwárí lọ́dún 1994, àwọn ayàwòrán tó ti lé ní 30,000 ọdún tí wọ́n ti kú ya àwọn kìnnìún yìí, akọ àti abo, kò sì sí irun ọrùn gbọọrọ lára wọn. Ilẹ̀ dídì Yakutia ní Rọ́ṣíà náà gbé ẹ̀rí tirẹ̀ wá. Lọ́dún 2017 àti 2018, wọ́n rí ọmọ kìnnìún inú ihò méjì níbẹ̀, pẹ̀lú awọ àti irun, ní ibi tí kò ju mítà 15 síra lọ. Ojú ìyá kan náà ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ fi wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n yẹ ọjọ́ orí eegun wọn wò, ọ̀kan ti kú ní nǹkan bí 28,000 ọdún sẹ́yìn, èkejì ní nǹkan bí 43,000. Àwọn tí a rò pé wọ́n jọ sun ní ẹsẹ̀ ìyá kan jìnnà síra ní 15,000 ọdún.

Lórí odò Badyarikha, ní Yakutia yìí kan náà, ni wọ́n ti rí òmíràn lọ́dún 2020. Ọmọ ẹran ni, orí àti apá iwájú rẹ̀ ló ṣẹ́kù, irun rẹ̀ pọ́n dúdú ó sì ki. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni ìròyìn rẹ̀ jáde: Homotherium latidens ni, ọ̀kan nínú àwọn ológbò eléyín idà, ọmọ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó ti kú ní ohun tó lé ní 35,000 ọdún. Títí di ọjọ́ yẹn, kò sí ènìyàn òde òní tó tí ì rí awọ ojú ológbò eléyín idà rí. Ìdílé wọn ti yà kúrò lára baba ńlá kìnnìún àti ológbò ilé ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 20 ọdún sẹ́yìn, kò sì fi ọmọ kankan sílẹ̀ láyé.

Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ̀ ọ́n? Wọ́n gbé ọmọ kìnnìún òde òní, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bíi tirẹ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọrùn ti ayé àtijọ́ nípọn ju ìlọ́po méjì ti ọmọ kìnnìún lọ. Ẹnu rẹ̀ tóbi jù, etí rẹ̀ kéré jù, apá rẹ̀ gùn jù, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ bí ohun tí a dá fún yìnyín. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ni orúkọ rẹ̀ ti jáde.

Àwòrán yẹn kò kúrò lọ́kàn mi: ọmọ ẹran méjì lórí tábìlì kan, ọ̀kan láti inú ilẹ̀ dídì, ọ̀kan láti ayé tiwa. Nítorí a ní kìnnìún la fi lè ka Homotherium. Nítorí Lund mọ eyín ìkookò dáadáa ló fi lè mọ̀, nígbẹ̀yìn, pé ohun tó wà lọ́wọ́ òun kì í ṣe ìkookò. Gbogbo ẹkùn, gbogbo kìnnìún tó kù nínú igbó lónìí ni ìwé atúmọ̀ tí a fi ń ka àwọn tó ti lọ. Ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun. Bí èyí tó wà láàyè bá tún parun, eegun yóò ṣì wà nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n kí la ó gbé tì í?